Orúkọ Méjì, Páìpù Kan: Alẹ́ Tí Ilé Ìwòsàn Wa Di Adití

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀ka wa ní Ọ̀bàntokò lálẹ́ Sátidé yẹn pe ilé ìwòsàn ńlá lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Èmi fúnra mi ni mo ka àwọn ìpè náà nínú fóònù rẹ̀ nígbà tó di ọjọ́ Ajé: àkọ́kọ́ ní aago 9:07, ìkẹyìn ní aago 9:24. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọmọ ti ké, ibi ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá ò dá. Nọ́ọ̀sì ti gún un lábẹ́rẹ́ oxytocin, ó ń fi ọwọ́ kan ra ikùn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù. Ẹ̀jẹ̀ tí wọn ó fà sí ìyá náà lára wà nínú fíríìjì ní ilé ìwòsàn ńlá lápá Ìbarà. Ọkọ̀ áńbúláǹsì wà níbẹ̀, epo wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ náà wà níbẹ̀, ó ń dúró de ìpè. Gbogbo ohun tó lè gba ẹ̀mí obìnrin náà là ló wà nílùú Abẹ́òkúta lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí yóò pè wọ́n jọ nìkan ni ò rọ́nà gbà.

Èmi ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù ilé ìwòsàn yìí. Àwọn alákòóso wa ni mo kọ́kọ́ kọ àkọsílẹ̀ yìí fún, kí n tó tún un kọ báyìí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. N ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn, n ò sì ní dárúkọ àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa. Ohun tó ṣe wá lè ṣe panápaná, ó lè ṣe báǹkì, ó lè ṣe ibikíbi tí ìpè kan ti lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú tàbí ìyè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ní kí alẹ́ ọjọ́ náà tó dé, torí a ò káwọ́ gbera. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne ni wọ́n. Àwọn tó ni MainOne sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀ abẹ́ òkun ló mì tó sì já wọn. Okùn mẹ́rin, olówó wọn yàtọ̀, àmọ́ ibi kan náà ni wọ́n gbà kọjá, ibi kan náà ni ìyà sì ti jẹ wọ́n. Ní Nàìjíríà, báǹkì ò lè fi owó ránṣẹ́. Ní Kútọ̀, àwọn oní-POS tẹ́ ẹ̀rọ wọn sílẹ̀, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Íntánẹ́ẹ̀tì tiwa náà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn alákòóso ní kí a ra fáíbà kejì, ìyẹn okùn tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ ilẹ̀ wá, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mìíràn. A rà á. Mo tún fi ráútà kan, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń lo síìmù méjì kún un, síìmù kọ̀ọ̀kan láti orí nẹ́tíwọ̀kì tirẹ̀, kó máa gbé iṣẹ́ náà tí fáíbà méjèèjì bá kú. Ínfátà wà, jẹnẹrétọ̀ wà. Mo ka gbogbo wọn níka níwájú ìgbìmọ̀: fáíbà méjì, síìmù méjì, iná oríṣi mẹ́ta. Inú wọn dùn. Inú tèmi náà dùn.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwa ti ra ọ̀nà mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ibo ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan gbà kó tó dé ọjà.

Ní ọ̀sán Sátidé náà, bíi aago 4:35, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń gbẹ́ gọ́tà lẹ́bàá afárá kékeré kan tí kò tó ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí ilé ìwòsàn wa. Díígà bá páìpù. Fáíbà kìíní kú. Fáíbà kejì kú. Ráútà ṣe ohun tí mo kọ́ ọ, ó bọ́ sórí síìmù, ó sì fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí fóònù mi. Mo wà níbi ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ka ìsọfúnni náà. Fáíbà méjèèjì ti lọ, síìmù ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó dáa náà, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yẹn, ó di ọjọ́ Ajé. Mo ti fóònù bọ àpò agbádá mi.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe mi, mi ò sì ní fi í pamọ́. Okùn méjì tí iléeṣẹ́ méjì ń tà kú ní ìṣẹ́jú kan náà. Ìyẹn nìkan tó láti sọ fún mi pé wọn kì í ṣe méjì. Mo rí i, mi ò kà á.

Ní nǹkan bí aago 7 òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wa gbé e láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Gbogbo ilé ìwòsàn mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí iná yẹn wà lára ohun tó tàn wá jẹ.

Òpó nẹ́tíwọ̀kì tó sún mọ́ wa jù, nígbà tí iná ìjọba bá lọ, bátìrì ló máa ń gbé e kí jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ tó ta. Ìdí òpó yìí ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2014 àti 2015, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù ńlá nílẹ̀ wa ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpó wọn fún àwọn iléeṣẹ́ tó jẹ́ pé òpó nìkan ni òwò wọn, wọ́n wá ń yá a lò lọ́wọ́ wọn. Òwò tó bọ́gbọ́n mu ni, torí kò sídìí tí irin mẹ́ta yóò fi dúró síbi tí ẹyọ kan tó. Àmọ́ ohun tó túmọ̀ sí fún ẹni tó ra síìmù méjì torí pàjáwìrì ni pé àwọn síìmù náà lè jọ máa wo irin kan, kí irin náà sì máa jẹ iná inú bátìrì kan. Bó ṣe rí fún tiwa gan-an nìyẹn. Bàbá tó ń ṣọ́ òpó náà sọ fún mi pé nígbà tí bátìrì rẹ̀wẹ̀sì, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò ta. Ní nǹkan bí aago 8:50, iná pupa orí òpó kú.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò pe àwọn tó máa tún un ṣe?"

Ó ní, "Ọmọ mi, kí ni n ó fi pè wọ́n? Òpó yìí náà ni fóònù mi ń lò."

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Irú rẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀ ní Kánádà ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 2022, nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì Rogers kú pátápátá. Àwọn oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù 12 ló kàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè pe 911 tó jẹ́ nọ́ńbà pàjáwìrì wọn, káàdì owó ò ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Àtúnṣe kan ni wọ́n ń ṣe sí àárín gbùngbùn nẹ́tíwọ̀kì náà tí wọ́n fi yọ àsẹ́ kan tó ń dín ìsọfúnni ọ̀nà kù kúrò, ìsọfúnni tó pọ̀ ju agbára àwọn ẹ̀rọ lọ sì ya lù wọ́n. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kó pẹ́ ni pé ó ṣòro fún àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kó tún un ṣe láti bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí orí nẹ́tíwọ̀kì tó kú náà ni fóònù tiwọn wà. Ẹni tó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, inú ilé ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Láti aago 8:50 lọ, ilé ìwòsàn ńlá di adití, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Arábìnrin tó wà ní ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ jókòó ti fóònù orí tábìlì, èyí tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́. Fóònù náà mọ́lẹ̀, ó ń sọ aago. Àmì kékeré kan ló yí padà lápá òkè ojú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ ìtumọ̀ àmì náà fún un rí. Èmi ló yẹ kí n sọ. Nẹ́tíwọ̀kì fóònù ọwọ́ wọn náà ti lọ, àmọ́ òjò ń rọ̀, ta ló máa ń reti nẹ́tíwọ̀kì nínú òjò ní Abẹ́òkúta? Awakọ̀ tilẹ̀ ní òun dúpẹ́ lọ́kàn pé alẹ́ ọjọ́ náà rọrùn. Nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ nínú ìwádìí yìí, èyí ló dùn mí jù. Tí iná bá lọ, òkùnkùn á sọ fún ọ. Tí omi bá dá, ẹ̀rọ á gbẹ. Tí ìpè ò bá wọlé, ìdákẹ́jẹ́ lo máa gbọ́, ìdákẹ́jẹ́ sì jọ àlàáfíà.

Ní Ọ̀bàntokò, nọ́ọ̀sì ò dúró de ìpè kejìlá. Ó fa ẹ̀jẹ̀ ìyá náà díẹ̀ sínú ìgò kékeré fún àyẹ̀wò ìbámu, ó ya ẹ̀yìn káàdì aboyún, ó kọ ọ́ sí i pé: "Ìyá ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ O, páìntì méjì, kíákíá. Fóònù yín ò lọ." Ó wé ìgò àti ìwé pọ̀ sínú nylon píọ̀ wọ́tà, ó jáde sínú òjò, ó dá ọlọ́kadà kan dúró. Ó sọ fún mi pé òun ò bá a dúnàá dúrà rárá. Òun kàn ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọlọ́mọ ló ni ìwé yìí." Ọkùnrin náà ti nylon bọ abẹ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó gba Aṣẹ́rò lọ. Aago 10:08 ló wọ gééètì wa. Mátírọ̀n ni ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Omi ti jẹ igun kan lára rẹ̀, lẹ́tà "O" ti fẹ̀ bí àwọ̀ aró tó ṣàn, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà.

Ẹ̀jẹ̀ dé Ọ̀bàntokò nínú kúlà ṣáájú aago 11. Ìyá yè, ọmọ yè. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ó lé, fún iṣẹ́ tí kì í gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ tí ìpè bá wọlé.

Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ọ̀gá kan tó mọ iṣẹ́ fáíbà dáadáa fi ẹsẹ̀ tọ okùn náà láti gééètì ilé ìwòsàn. Ìwé àdéhùn ò lè sọ ohun tí ẹsẹ̀ sọ fún wa. Bí a ṣe jáde, okùn kìíní gba apá ọ̀tún títì, ìkejì gba apá òsì, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. A rìn, a rìn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé afárá kékeré yẹn, okùn apá òsì rọra dá títì kọjá, ó lọ bá ti apá ọ̀tún. Mo bi ọ̀gá pé kí ló dé. Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀. Àpáta ni. Àpáta Olúmọ yìí ò dúró sí Ìkìjà nìkan, gbogbo abẹ́ ìlú wa ni òkúta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ náwó gé òkúta, tó gbẹ́ ihò páìpù sí i, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ gé òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á wá yá a lò.

A ṣí ọmọrí kòtò náà. Omi òjò kún un dé ìdajì, ọ̀gá fi ike bù ú. Páìpù aláwọ̀ ọsàn kan ṣoṣo ló gba abẹ́ afárá. Ibi tí díígà ti bà á ti là bí ẹnu, okùn dúdú méjì yọ jáde níbẹ̀, wọ́n fara tira, awọ wọn ti bó, a sì rí àwọn fọ́nrán tín-ín-rín inú wọn tó ti ṣẹ́. Wọ́n so pélébé ike mọ́ ọrùn okùn kọ̀ọ̀kan. Orúkọ iléeṣẹ́ kan wà lára ọ̀kan, orúkọ iléeṣẹ́ kejì wà lára èkejì. Mo jókòó ní etí afárá náà fún ìgbà díẹ̀. Owó méjì tí à ń san lóṣooṣù rèé nínú páìpù kan.

Nígbà tí mo padà ka ìwé àdéhùn, mi ò rí irọ́ kankan níbẹ̀. Ohun tí mo béèrè ni wọ́n fún mi. Iléeṣẹ́ méjì ni mo béèrè, mi ò béèrè ọ̀nà méjì rí. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 18 oṣù Keje 2001, ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹrù gbiná nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ Howard Street. Fáíbà iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì bíi mélòó kan ló gba inú ihò náà kọjá, iná kan sì ba iṣẹ́ gbogbo wọn jẹ́ lọ́jọ́ kan.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ kí a fi ẹjọ́ àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà sùn. Òótọ́ ni pé láti oṣù Kẹfà 2024 ni àṣẹ kan ti wà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù, tó sọ irú ohun èlò wọ̀nyí di dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bà jẹ́. Mo fara mọ́ àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó di díígà mú, kò sí àmì kankan lórí ilẹ̀ tó lè sọ fún un pé okùn wà lábẹ́. Tí kì í bá ṣe díígà, ìkún omi ni ìbá jẹ́, tàbí ọkọ̀ tírélà. Ohun tó yẹ kó dùn wá ni pé a gbé gbogbo ẹrù wa rù ú síbi kan.

Bí mo ṣe ń wá ibi tí ohun gbogbo ti so rọ̀ sójú kan, mo rí òmíràn tí mi ò fẹ́ rí. Èmi ni. Páswọ́ọ̀dù ráútà wà lórí mi nìkan. Ẹni tó lè sọ fún Ọ̀bàntokò pé ìpè ò ní wọlé mọ́ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń jó. Páswọ́ọ̀dù ti wà nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa nínú kọ́bọ́ọ̀dù Mátírọ̀n báyìí, mo sì ti kọ́ ọmọbìnrin kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó bí a ṣe ń lò ó. Ó yára gbọ́ ọ jù mí lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí a yí padà ò ná wa ní kọ́bọ̀. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀, Ìbarà á pe Ọ̀bàntokò: "Ọ̀bàntokò, ẹ kú iṣẹ́ o." Àwọn náà á dáhùn: "A wà ńbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó tán. Tí ìkíni kan bá kọjá láìsí ìdáhùn, awakọ̀ á gbéra lọ wò wọ́n, kò ní dúró de àṣẹ. Nọ́ọ̀sì Ọ̀bàntokò náà á ṣe bákan náà láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀ tí kò bá gbọ́ ìkíni. Ká ní a ti ń kí ara wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, aago 9 la ó ti mọ̀, ìṣẹ́jú méje ṣáájú ìpè àkọ́kọ́. Mo gbà pé nínú gbogbo ohun tí a ṣe, kò sí èyí tó tó ìkíni yìí.

Lẹ́yìn náà a ra rédíò ọlọ́wọ́, wókì-tókì, a sì gba ìwé àṣẹ ìgbì lọ́wọ́ NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀. Ọ̀kan wà ní ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́, ọ̀kan ní Ọ̀bàntokò, ọ̀kan nínú ọkọ̀. Òkè pọ̀ láàárín ọ̀hún àti ọ̀hún, ohùn ò kọ́kọ́ dé, a ní láti gbé ẹ̀rọ kan tó ń gba ohùn tó sì ń tún un sọ sórí òrùlé gíga. Mo wá rántí pé ẹ̀rọ orí òrùlé yẹn náà ti di ibi kan ṣoṣo. A ta eriali gíga sí òrùlé méjèèjì kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn ní tààrà tí ẹ̀rọ náà bá kú. Ohùn á ha díẹ̀, àmọ́ "ẹ̀jẹ̀ O, páìntì méjì" á wọlé.

Fún íntánẹ́ẹ̀tì, a fa síìmù kan kúrò lórí òpó tí a mọ̀, a kọ ojú eriali rẹ̀ sí òpó mìíràn lápá Láfẹnwá. A dá fáíbà kejì dúró, a fi rédíò rọ́pò rẹ̀: àwo kékeré kan lórí òrùlé wa, tó dojú kọ àwo ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí òkè tó wà lódì kejì. Òkúta tó dínà fún okùn ló wá gbé rédíò ga. Èyí tó ń lo ìgbì 5 GHz la mú, torí àwọn tó ń lo ìgbì tó ga ju 10 GHz lọ ni òjò ńlá máa ń dí.

Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù ni ọjọ́ ìdánwò wa, a á dìídì yọ ohun kan. Ìdánwò àkọ́kọ́ já wa kulẹ̀. A pa iná, a pa jẹnẹrétọ̀. Wókì-tókì Ọ̀bàntokò kú láàárín wákàtí kan. Wọ́n ti ń fi í sórí ojú iná tí ínfátà ò gbé, kò sì gba iná bó ṣe yẹ láti ọjọ́ mẹ́ta tí iná ò ti dúró. Ínfátà Ìbarà tí mo ti búra pé á gbé wákàtí mẹ́fà, wákàtí kan lé díẹ̀ ló gbé. Bátìrì 12V mẹ́rin ni, tí a so pọ̀ di 48V. Mẹ́ta yá, ọ̀kan ti rọ, ọ̀kan tó rọ náà sì ń fa mẹ́ta yòókù ṣubú. Yàrá tí wọ́n wà fara ti ilé ìdáná, ooru ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ, bẹ́ẹ̀ bí ooru bá fi 10°C lé sí i, ọjọ́ ayé irú bátìrì yẹn máa ń dín sí ìdajì. A ti kó wọn kúrò níbẹ̀.

Mátírọ̀n ò kọ́kọ́ fẹ́ràn ìdánwò yìí. Ó ní, "Ẹ máa ń fi ọwọ́ ara yín dá wàhálà sílẹ̀." Oṣù kejì, òun fúnra rẹ̀ ló wá yọ okùn ráútà láìsọ fún mi, ó wo aago, ó sì kọ ìṣẹ́jú tí ó gbà wá kí a tó mọ̀ sínú ìwé. Ìṣẹ́jú 19.

Iṣẹ́ kan ṣì kù. Fáíbà tó gba abẹ́ afárá ni a ṣì ń lò jù, a sì ti sọ fún àwọn tó ń tà á fún wa pé a fẹ́ ọ̀nà mìíràn, èyí tí kò ní kan afárá yẹn rárá. Wọ́n fi àwòrán ọ̀nà tuntun ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìlà náà mọ́ rekete, ó gba ẹ̀yìn Òkè-Ìléwó, kò yà síbì kankan. Ọ̀gá onífáíbà wò ó, ó ní òun mọ àdúgbò náà, òkúta wà níbẹ̀. Tó bá di Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti òun àti ọmọbìnrin ẹ̀ka ìṣirò owó á mú ọ̀pá, á mú ike tí a fi ń bu omi, a á sì fi ẹsẹ̀ tọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé.